Iná Tó Ń Jó Ràmọ́nì Lẹ́sẹ̀

Nígbà tí àwọn tó ń wẹ òkú Kọ́láwọlé dé ibi ẹsẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọyún jáde, ìṣó sì tẹ̀lé ọyún náà. Ààbọ̀ ìṣó ni. Wọ́n lọ wo bàtà rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n bá ààbọ̀ kejì nínú rẹ̀.

Ibà ni gbogbo agboolé Ìdí-Òro ní Ìpapó rò pé ó ń bá a jà. Ó gbọ̀n, ó mu àgbo, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọkùnrin tó ń ṣàlùwàlá ní gbogbo ìgbà ìrun, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ìṣó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀.

Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Òun ló tọ́ Kọ́láwọlé àti Ràmọ́nì àbúrò wọn dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ gé nínú ilé.

"Ta ni ìṣó ń gún tí kò ní ké?" ó bi àwọn tó jókòó. "Ẹ dá mi lóhùn. Wọ́n ti jẹ ẹsẹ̀ yẹn tán kí ìṣó tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ òfìfo ni ìṣó gún. Ta ló fún un ní bàtà?"

Gbogbo wọn ló mọ̀. Àdìjátù ni, ìyàwó àgbà Ràmọ́nì. Nígbà Iléyá tó kọjá ló mú bàtà kan tó ti há mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó fi ta ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ. Àdìjátù ń gbé omi bọ̀ fún àwọn tó ń wẹ òkú lọ́wọ́ nígbà náà. Ó gbọ́. Ó sọ omi kalẹ̀ síbi tó dé, ó yí padà, kò sì sẹ́ni tó pè é.

Misturat, orogún rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, ó pọn ọmọ. Ó wo Àdìjátù títí tó fi wọlé.

*

Ahunṣọ ni Ràmọ́nì. Ìsẹ́yìn ló ti kọ́ òfì, ó sì gbé òfì rẹ̀ wá sílé nígbà tó gba òmìnira. Nígbà tí kò ní ju òfì náà lọ ni Àdìjátù fẹ́ ẹ. Àdìjátù ló ń ran òwú, òun ló ń kiri aṣọ lọ́jọ́ ọjà, ó sì bí Samsudeen fún un, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí báyìí. Lẹ́yìn Samsudeen, kò rí ọmọ mọ́. Nígbà tó yá, Ràmọ́nì fẹ́ Misturat. Misturat ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó lè rẹ́rìn-ín, ó sì bí Waheedat láàárín ọdún kan.

Ọjọ́ méjì-méjì ni wọ́n pín in. Ìyàwó tó bá ni ọjọ́ ni yóò dáná, yàrá rẹ̀ ni ọkọ yóò sùn sí. Bí ẹ̀sìn ṣe wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Ràmọ́nì ti ń gbàgbé ọjọ́ Àdìjátù. Yóò lọ kí Waheedat lẹ́yìn Ìṣáì, kò sì ní jáde mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ní oorun ló gbé òun lọ. Àdìjátù kì í bá a jà. Yóò gbé oúnjẹ tó ti tutù fún ewúrẹ́, yóò sì di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Wọn ò tíì ṣe àdúà ogójì ọjọ́ Kọ́láwọlé tí ẹsẹ̀ Ràmọ́nì fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ni iná náà máa ń ràn. Ó ní ó dà bí ẹni pé òun dúró lórí ata tí wọ́n ń yan. Ó ní kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ òun. Bí aṣọ ìbora bá kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fò dìde. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi àdí pa á, Sàfúrátù fi ìpara gbígbóná kan tí wọ́n ń tà nínú ọjà pa á, èyí sì fẹ́ pa á tán.

Lọ́sàn-án, ìdàkejì ni. Ẹsẹ̀ náà á kú. Ahunṣọ kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ abẹ́ òfì, ojú àti ọwọ́ a máa bá òwú lọ. Ṣùgbọ́n Ràmọ́nì wá ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ òfì kó lè mọ èyí tí òun tẹ̀. Aṣọ tó hun bẹ̀rẹ̀ sí í ní àléébù. Oníbàárà kan láti Ìsẹ́yìn dá odindi ìdì kan padà, ó ní òun ò lè kó aṣọ tí ìlà rẹ̀ wọ́ lọ fún ìyàwó tuntun.

"Ó ti kàn án," ni Sàfúrátù wí. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Kọ́láwọlé. Ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí."

*

Ọjọ́ Àdìjátù ni ọjọ́ tí Ràmọ́nì gbà láti lọ sí ọsibítù, nítorí náà Àdìjátù ló bá a lọ. Nọ́ọ̀sì gún un lọ́mọ ìka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ tó kú lẹ́nu kan án lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ní kó sọ ibi tí ó bá ti mọ̀ ọ́n. Kò mọ ibì kankan.

"Àtọ̀gbẹ ni," nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti wà lára yín tipẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ba iṣan ẹsẹ̀ yín jẹ́. Òun ló ń jó yín, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí nǹkan bá gún yín. Ṣé ó wà nínú ẹbí yín?"

Àdìjátù sọ ọ̀rọ̀ ìṣó. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Wọ́n fún un lóògùn ṣúgà tí yóò máa lò láàárọ̀. Wọ́n fún un ní kápúsù funfun alórí pupa fún iná ẹsẹ̀.

"Èyí kò ní mú ẹsẹ̀ náà padà bọ̀ sípò," nọ́ọ̀sì wí, "ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kẹ́ ẹ rí oorun sùn. Ọ̀kan ṣoṣo, lálaalẹ́. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì fò ó."

Kí wọ́n tó dé Ìpapó, Àdìjátù ti gba kápúsù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Ẹ ó gbàgbé ẹ̀ síbì kan," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi." Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ràmọ́nì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún ilé. Sàfúrátù yínmú.

"Ṣúgà? Kọ́láwọlé tí kì í mu tíì? Ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì yín pé a kì í ṣe ọmọdé."

Kápúsù náà sì ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ràmọ́nì sùn ní yàrá Àdìjátù bí ọmọ tó mu ọmú yó. Lọ́jọ́ tó kàn ọjọ́ Misturat, iná ràn. Ó jáde, ó wá kan ilẹ̀kùn Àdìjátù.

"Fún mi lóògùn, Àdìjátù. Kí n padà."

"Oògùn wà," ni Àdìjátù dáhùn láti orí ẹní. "Ó wà nínú yàrá yìí. Ẹni tó bá sùn síbí ló ń lò ó."

Ràmọ́nì bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn Misturat. Iná ń jó o. Ó wọlé, ó sì tilẹ̀kùn.

Ó ti pẹ́ tí Àdìjátù ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú òkùnkùn; lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín.

*

"Ìyá Samsudeen, ọjọ́ mi ni àná o." Ìdí kànga ni Misturat ti ká a mọ́.

"Ta ló ní kì í ṣe ọjọ́ ẹ?"

"Bàbá Waheedat ò sùn sọ́dọ̀ mi."

"Ṣé mo dè é mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni? Oògùn ló wá lò. Oorun gbé e lọ. Àbí kí n gbé e rù, kí n máa kígbe pé ta ló ni ọkọ yìí?"

"Ẹ kó oògùn ọjọ́ tèmi fún mi."

"Ojú mi ni nọ́ọ̀sì rí. Kò rí ojú ẹ."

"Ẹ̀yin ọlọ́jú nọ́ọ̀sì!" Misturat gbé korobá rẹ̀. "Ojú tí ọkọ ò wò mọ́ ni nọ́ọ̀sì ń wò."

Àdìjátù sọ korobá tirẹ̀ sínú kànga. Ó fa omi tirẹ̀ tán, ó gbé e, ó lọ. Ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí etí ìró rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Lọ́jọ́ Misturat, bí Ràmọ́nì bá lè fara da iná, yóò fara dà á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí kò bá lè fara dà á, yóò wá. Àdìjátù ń gbọ́ ọ tó ń kérora ní yàrá kejì. Ó ń gbọ́ ọ, kò sì dìde.

Nígbà tó yá, Misturat lọ sí Ìsẹ́yìn lọ kí ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, lójoojúmọ́ ló ń gbé ògì gbígbóná lọ fún ọkọ rẹ̀ nílé òfì, lẹ́yìn Àlàásárì. Àdìjátù rí i. Ó rí i pé ó ń gbé e lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ pàápàá. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kó máa gbé e lọ. Ògì kò pa iná ẹsẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni nǹkan míràn dé.

Kò tíì tó àsìkò Àsùbáà. Yàrá Àdìjátù ni Ràmọ́nì wà. Ohùn rẹ̀ ló jí obìnrin náà.

"Àdìjátù, ta ló ṣí fèrèsé?"

"Fèrèsé wà ní títì."

"Kí wá ni àwọn ẹyẹ yẹn ń ṣe lórí àjà?"

Àdìjátù tan tọ́ọ̀ṣì. Igi àjà ló rí, àti jànkárìwọ̀. "Ẹyẹ wo?"

"Àwọn tó tò yẹn. Ọ̀kan wé gèlè." Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu wà lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Lé wọn, Àdìjátù. O mọ̀ wọ́n ni? Kí ló dé tó ò lé wọn?"

Ó dìde. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi èjìká gbá ògiri, ó sì wó lu ilẹ̀kùn. Nígbà tí Àdìjátù máa ṣí i, Misturat ti dúró síta pẹ̀lú fìtílà. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ẹyẹ wé gèlè," ó wí fún Sàfúrátù kí oòrùn tó yọ. "Nínú yàrá Ìyálé. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

*

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ sí i. Ràmọ́nì á jí láti yàrá Àdìjátù, ẹnu rẹ̀ á gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, kò ní lè rìn gún. Ó sùn lórí òfì, ó sì ṣubú, ó fi orí ṣèṣe. Ó pe Waheedat ní orúkọ ìyá òun fúnra rẹ̀ tó ti kú. Ṣùgbọ́n bó bá sùn ní yàrá Misturat, ojú rẹ̀ á mọ́. Á jẹun, á bá Waheedat ṣeré, á hun aṣọ díẹ̀.

Gbogbo agboolé rí i. Kò ṣeé fi pa mọ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Sàfúrátù wí ní àárín ilé, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè dé ibi tó fẹ́ kó dé. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó fún àkọ́kọ́ ní bàtà. Kí ló ń fún ìkejì?"

Àdìjátù jáde sí i. "Ìyá ọkọ mi, bó bá jẹ́ èmi lẹ ń bá wí, ẹ pe orúkọ mi."

"Ṣé orúkọ ẹ le ni? Àdìjátù! Mo ti pè é. Gbé mi jẹ."

"Mo bá àbúrò yín jẹ gaàrí gbẹ nígbà tí kò ní ju òfì lọ. Bí mo bá fẹ́ pa á, ìgbà tó dára jù nìyẹn. Ẹ̀ bá ti gbàgbé."

"Ìgbà yẹn ò tíì sí Misturat," Sàfúrátù dáhùn. "Owú ló ń mú ẹ jẹ èèyàn."

Èyí wọ Àdìjátù lára, nítorí apá kan nínú rẹ̀ jóòótọ́. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀.

Sàfúrátù pàṣẹ pé Ràmọ́nì kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá Àdìjátù mọ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ rẹ̀, títí di ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ náà, Àáfà Àgọ́-Àrẹ yóò wá. Ọkùnrin yìí gbajúmọ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Wọ́n ní ẹni tó bá fi irọ́ búra níwájú rẹ̀ kì í rí oṣù tuntun. Bí Àdìjátù bá lè búra, kó jókòó. Bí kò bá lè búra, kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ṣakí.

Ràmọ́nì gbọ́ àṣẹ náà. Ó wolẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, yàrá Misturat ló wọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò ṣubú mọ́. Kò rí ẹyẹ. Kò sí ẹni tó ń ṣiyèméjì nínú agboolé mọ́. Gbogbo wọn ti gbà pé Àdìjátù ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń jẹ Àdìjátù lọ́kàn. Kápúsù wà létí ìró rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí ìkérora ọkọ rẹ̀. Ó ń retí kó wá kan ilẹ̀kùn, kó bẹ̀bẹ̀. Kò gbọ́ ìkérora. Ẹ̀rín ló ń gbọ́, ẹ̀rín Misturat, lẹ́yìn náà ìhanrun ọkọ rẹ̀. Ràmọ́nì ń sùn. Ẹsẹ̀ tó ń jó bí iná, láìsí oògùn, ó ń sùn.

Kí ni ọmọ yìí fi pa iná náà?

Ó dìde jókòó. Ẹ̀rù bà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú ilé yìí, ó wí nínú ara rẹ̀, àjẹ́ wà lóòótọ́. Kì í sì í ṣe èmi.

*

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àáfà Àgọ́-Àrẹ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Ó tẹ́ aṣọ funfun, ó gbé Kùránì lé e. Ràmọ́nì jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Sàfúrátù wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Misturat wà lósì. Àdìjátù nìkan ló jókòó síwájú wọn.

"Ìyá, ṣé ẹ ti ṣàlùwàlá?" Àáfà bi í.

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín lé e. Ẹ wí báyìí pé: ọwọ́ mi kò sí nínú ìrora ọkọ mi. Kó tán. Ẹ̀yin náà á sinmi."

Àdìjátù na ọwọ́. Ọwọ́ náà dé orí aṣọ funfun, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Mi ò lè búra."

Sàfúrátù pariwo, ó lu ọwọ́ pọ̀. "Ẹ gbọ́ o! Kọ́láwọlé, ṣé o gbọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wí i!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," Àáfà wí.

"N kò pa Kọ́láwọlé," Àdìjátù wí. "Bí ẹ bá ní kí n búra sí ìyẹn, màá búra báyìí. Mi ò mọ ẹyẹ. Mi ò mọ ìpàdé àjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n búra pé ọwọ́ mi ò sí nínú ìrora rẹ̀." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú páálí kápúsù jáde. "Nọ́ọ̀sì ní kó máa lò ó lálaalẹ́, kó má fò ó. Mo fi pa mọ́. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe tèmi, tí ó ń kérora, mo ń gbọ́. Mo fẹ́ kó máa jó o, kó lè wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ."

Ràmọ́nì gbójú sókè wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Misturat bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju ohun tí ẹnu lè pa mọ́ lọ.

"Ẹ rò pé ẹ rí i mú ni? Ìyálé, ẹ fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Mo ti ra tèmi látọjọ́ tó ti pẹ́! Mo lọ sí kẹ́míìsì kan ní Ìsẹ́yìn, mo ní ẹsẹ̀ ń jó ọkọ mi bí iná, kò rí oorun sùn. Wọ́n fún mi ní èyí tó dáa ju tiyín lọ. Inú ògì ló fi ń gbé e mì. Kò fò ó lọ́jọ́ kan!"

"Lọ́jọ́ tìẹ," Àdìjátù wí.

"Lójoojúmọ́!"

"Títí kan ọjọ́ tèmi?"

"Ọjọ́ tiyín gan-an ni mi ò jẹ́ kó fò!" Misturat na ọwọ́ sí i. "Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ni iná rẹ̀ á ti kú. Kẹ́ ẹ wá rí i bóyá ó fẹ́ràn yín tàbí oògùn yín."

Àdìjátù kò bínú. Ó ń ro nǹkan. "Lọ́jọ́ tèmi," ó wí jẹ́jẹ́, "mo máa ń fún un ní tèmi bó bá fẹ́ sùn."

Àáfà Àgọ́-Àrẹ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbójú lé Ràmọ́nì.

"Alàájì, lọ́jọ́ ìyálé yín, mélòó lẹ ń lò?"

Ràmọ́nì họ orí. "Méjì."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Misturat ní kí n má sọ fún ẹnì kan. Bí mo bá kọ ti ọ̀kan, ìjà ni. Ẹ̀sìn ní kéèyàn ṣe dọ́gba sí wọn. Bí mo bá jẹ ti èyí, ó yẹ kí n jẹ ti tọ̀hún."

"Àsìtáfúrúláì!" Àáfà wúkọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ lẹ̀sìn ní kẹ́ ẹ jẹ dọ́gba. Ṣé ó ní kẹ́ ẹ gbé oògùn mì ní ìlọ́po méjì?"

"Oògùn tèmi yàtọ̀," Misturat sáré wí. "Páálí tèmi jẹ́ àwọ̀ ewé. Tiwọn jẹ́ búlúù."

"Gbé e wá."

Ó wọlé, ó gbé e wá. Misturat nìkan ló kàwé díẹ̀ nínú wọn. Àáfà ní kó ka àwọn méjèèjì. Orúkọ ńlá tó wà lókè páálí yàtọ̀ síra. Misturat kà wọ́n sókè, ó ń gbé ohùn sókè láti fi hàn pé òun ń jàre. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ dé ibi orúkọ kékeré tó wà lábẹ́. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó tú kápúsù kan látinú páálí kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n wé ara wọn.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Sàfúrátù bi í. "Ṣé ẹnu rẹ gé ni?"

"Ọ̀kan náà ni," Misturat wí.

*

Sàfúrátù kò gbà. Ó ní kò sí oògùn tó ń wé gèlè fún ẹyẹ. Ó tẹ̀ lé wọn dé ọsibítù lọ́jọ́ Ajé, ó sì jókòó síwájú nọ́ọ̀sì bí ẹni tó wá gbẹ́jọ́.

Nọ́ọ̀sì wo páálí méjèèjì. Inú bí i gan-an. Ó ní ti kẹ́míìsì le ju tiwọn lọ. Ó ní ẹni tó bá lo méjèèjì pa pọ̀ yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹnu rẹ̀ á wúwo, ọpọlọ rẹ̀ á dàrú. Ó ní bó bá tún pọ̀ díẹ̀ sí i, ọkùnrin yìí ì bá sùn, kì bá tí jí mọ́.

"Àwọn ẹyẹ ńkọ́?" Sàfúrátù bi í.

"Oògùn ni ẹyẹ, ìyá."

"Ìṣó àbúrò mi ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó kú lẹ́nu. Ó fi kan Sàfúrátù lábẹ́ ẹsẹ̀, Sàfúrátù fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi kan Ràmọ́nì. Ràmọ́nì jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo ògiri, kò mọ̀ pé wọ́n ti kan òun. Sàfúrátù wo ojú àbúrò rẹ̀, ó wo abẹ́rẹ́, ó sì bo ojú. Ó sunkún níbẹ̀ títí àwọn aláìsàn míràn fi ń wò ó.

Kò bẹ Àdìjátù. Kì í ṣe irú rẹ̀ ló ń bẹ ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Ìpapó, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wí kí gbogbo ilé gbọ́ pé: "Ẹnikẹ́ni tó bá tún pe ìyàwó wa ní àjẹ́, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá." Lẹ́yìn náà, ó ní ohun tó dára jù ni kí oògùn máa wà lọ́wọ́ òun.

"Rárá o!" Àdìjátù àti Misturat sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ara wọn. Misturat ló kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Nọ́ọ̀sì ti sọ ohun tó yẹ. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ó so páálí kan ṣoṣo mọ́ òpó nílé òfì. Bó bá ti ìrun Ìṣáì dé, yóò gbé ọ̀kan mì níta gbangba, pẹ̀lú omi láti inú àmù gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ yàrá tó bá fẹ́ wọ̀. Iná ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ obìnrin kankan mọ́.

Ọjọ́ Àdìjátù kàn. Ó se ọbẹ̀ ilá, kò fi iyọ̀ púpọ̀ sí i. Ó tẹ́ ẹní. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ dé láti mọ́ṣáláṣí, ó gbọ́ tó bu omi nínú àmù. Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ tó dúró láàárín ilé, níbi tí ọ̀nà yàrá méjèèjì ti pàdé. Ẹnu ọ̀nà Misturat ṣí sílẹ̀, fìtílà ń tàn níbẹ̀. Waheedat ń pe bàbá rẹ̀.

Àdìjátù kò pè é. Kò ní ohun tí yóò fi pè é mọ́.

Ìṣísẹ̀ náà pẹ́ kó tó tún gbéra. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

"Ẹ ti lo oògùn yín," Àdìjátù wí.

"Mo ti lò ó."

"Ẹsẹ̀ ò jó yín."

"Ó ń jó díẹ̀. Kò le."

"Kí lẹ wá wá níbí?"

Ràmọ́nì jókòó sẹ́nu ẹní. Ó ronú lé e. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ dídùn.

"Ọjọ́ ẹ ni," ó wí.

Kì í ṣe èyí ni Àdìjátù fẹ́ gbọ́. Ó dúró bóyá yóò fi kún un. Kò fi kún un. Níta, Misturat fa ilẹ̀kùn tirẹ̀ dé, ó sì jẹ́ kó dún. Àdìjátù gbọ́ ọ dáadáa. Ó sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó fún ọkọ rẹ̀ láyè.